Òkúta Tó Ń Mí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Jéèdì Àwọn Máyà

Bí ẹnikẹ́ni bá rí àwòrán ìbòjú aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi òkúta jéèdì ṣe, tí wọ́n bá lójú òkú Pakal, ọba Máyà kan, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni iye tó máa jẹ́ lọ́jà. Mi ò bá ẹni bẹ́ẹ̀ jà, nítorí ohun iyebíye ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iye owó kò lè gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó gbẹ́ òkúta yẹn rí èémí nínú rẹ̀, wọ́n rí òjò, wọ́n sì rí àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ìdáhùn yìí fi hàn nìyẹn.

Ta ni àwọn Máyà? Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?

Wọ́n wà dáadáa. Mílíọ̀nù mílíọ̀nù ọmọ Máyà ló ń gbé ní Guatemala, gúúsù Mẹ́síkò, Belize àti apá kan Honduras lónìí, wọ́n sì ń sọ èdè wọn. Ohun tó dópin ni ayé àwọn ọba ìlú ńláńlá bíi Tikal, Palenque, Copán àti Calakmul, tí wọ́n gbilẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 250 sí 900 Sànmánì Kristi. Púpọ̀ nínú jéèdì tí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí wá láti ìgbà yẹn.

Kí ni jéèdì gan-an? Ṣé irú ti Ṣáínà náà ni?

Òkúta méjì ni ayé ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè. Ọ̀kan ni nephrite, tí àwọn ará Ṣáínà ti ń gbẹ́ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Èkejì ni jadeite, òun sì ni ti àwọn Máyà. Ojú lásán lè má fìyàtọ̀ sí wọn, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú wọn yàtọ̀. Lórí òṣùwọ̀n Mohs, tí dáyámọ́ńdì ti jẹ́ 10, jadeite wà láàárín 6.5 sí 7. Ọ̀bẹ irin lásán kò lè ha á. Ó tún wúwo ju bí ó ṣe tóbi lójú lọ. Ẹni tó bá gbé e lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń yà á lẹ́nu.

Àwọn Máyà náà lo àwọn òkúta aláwọ̀ ewé mìíràn, bíi serpentine àti malachite. Ìdí nìyẹn tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi máa ń ṣọ́ra kí wọ́n tó pe nǹkan ní jéèdì. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Ibo ni wọ́n ti ń rí i?

Ní gbogbo agbègbè Mẹ́síkò àti Àáríngbùngbùn Amẹ́ríkà, àfonífojì odò Motagua ní Guatemala nìkan ni a mọ̀ tí jadeite ti ń jáde. Ìdí rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni apá ilẹ̀ tó gbé Àríwá Amẹ́ríkà àti èyí tó gbé Òkun Kàríbíánì ti pàdé, tí wọ́n ń fara gbo ara wọn. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn, níbi tí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ti pọ̀ gan-an, ni jadeite ti ń dì. Bí ilẹ̀ ṣe ń fara gbora yẹn ló ń tì í gòkè díẹ̀díẹ̀. Òjò àti odò á wá gbá a jáde, àwọn èèyàn á sì ṣà á ní bèbè omi.

Lẹ́yìn tí àwọn ará Sípéènì dé, ìmọ̀ nípa ibi tí òkúta náà wà pòórá. Ọdún 1950 sí 1959 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó tún rí i ní Motagua. Nígbà tó di ọdún 1998, ìjì líle Mitch wọ́ ẹgbẹ́ òkè lulẹ̀, omi gbá àwọn òkúta jáde, irú èyí tó ní àwọ̀ búlúù tí àwọn Olmec fẹ́ràn sì tún fojú hàn. Àwọn Olmec yìí ló ṣáájú àwọn Máyà nínú iṣẹ́ jéèdì.

Láti Motagua ni òkúta ti ń rìn lọ sí ìlú gbogbo. Ní Kaminaljuyu, níbi tí ìlú Guatemala City wà lónìí, wọ́n bá òkúta jéèdì kan nínú ibojì tí ìwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ 90 kìlógíráàmù. Ojú ibi tí wọ́n ti ń gé e kù sára rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe gbẹ́ òkúta tó le tó bẹ́ẹ̀ láìní irin?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn.

Oníṣẹ́ ọnà á kọ́kọ́ fi òkúta mìíràn lù ú títí yóò fi sún mọ́ ìrísí tó ń wá. Lẹ́yìn náà ló kan gígé. Á na okùn lé e lórí, tàbí pákó pẹlẹbẹ, á bu yanrìn líle sí i, á ta omi sí i, á wá máa fà á lọ fà á bọ̀. Yanrìn tí okùn ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ yẹn ló ń jẹ òkúta náà, ìwọ̀nba díẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tó bá gé e láti apá kan dé àárín, á yí i padà, á gé e láti apá kejì. Tó bá ku tẹ́ẹ́rẹ́, á ṣẹ́ ẹ. Ibi tó ti ṣẹ́ máa ń yọ gọngọ, ó sì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ títí dòní, torí pé ẹ̀yìn kò gba ìdán bíi ti iwájú.

Ihò lílu náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Wọ́n ń lo òkúta ṣóńṣó, wọ́n sì ń lo egungun ẹyẹ tàbí esùsú tó ní ihò nínú. Tí wọ́n bá fi yanrìn àti omi sí ìdí esùsú, tí wọ́n ń fọwọ́ yí i, ó máa gé òbìrípo sára òkúta, àárín rẹ̀ á sì dúró digbí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ya ojú ère, tó máa ń rí róbótó láìsí àṣìṣe kankan. Ti ìlẹ̀kẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n á lù ú láti orí, wọ́n á tún lù ú láti ìdí, kí ihò méjèèjì lè pàdé láàárín. Nítorí náà ẹnu ihò ìlẹ̀kẹ̀ Máyà fẹ̀, inú rẹ̀ sì fún. Nígbà mìíràn ihò méjèèjì ṣì ara wọn díẹ̀, ẹ ó sì rí ibi tí oníṣẹ́ ọnà ti ní láti yẹ̀ ẹ́ sọ́nà.

Dídán ló gbẹ̀yìn: ìyẹ̀fun òkúta kúnná, igi, ọparun, àti ọwọ́ tí kì í sinmi. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ni ohun ńlá kan lè gbà.

Ní Cancuén, ìlú kan létí odò ní Guatemala, awalẹ̀pìtàn rí ibi iṣẹ́ jéèdì tí ẹ̀ẹ́rún òkúta ti pọ̀ lọ jàra. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ fi hàn pé àwọn ará ìlú lásán ló ń ṣe ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyẹn fífọ́, gígé àti lílu, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀, àti ọnà tó ní ìtumọ̀, wà lọ́wọ́ àwọn ilé ńlá. Ó yẹ ká máa rántí àwọn tó ṣe ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Orúkọ ọba wà lára òkúta, tiwọn kò sí níbẹ̀.

Kí ló dé tí àwọ̀ ewé fi jẹ́ bàbàrà lójú wọn?

Nítorí pé òun ni àwọ̀ ohun tó wà láàyè. Ewé àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí ilẹ̀, omi inú ihò àpáta, ìyẹ́ ìrù ẹyẹ quetzal tí ọba ń fi sí adé, gbogbo wọn jẹ́ yax lẹ́nu àwọn Máyà, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ búlúù pa pọ̀. Nínú ètò ayé wọn, ìlà oòrùn ní àwọ̀ pupa, àríwá funfun, ìwọ̀ oòrùn dúdú, gúúsù àwọ̀ ìyeyè. Yax ló wà ní àárín, níbi tí igi ńlá tó so ayé, ọ̀run àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ pọ̀ ti hù.

Ẹ wo ohun tí wọ́n bá ní Cival, ìlú Máyà kan ní Petén ní Guatemala, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí 500 ọdún ṣáájú Sànmánì Kristi. Wọ́n gbẹ́ kòtò tó rí bí àgbélébùú sójú agbo ìlú. Wọ́n to ìkòkò omi márùn-ún sínú rẹ̀, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láàárín, wọ́n sì fọ́ wọn. Wọ́n gbé àáké jéèdì márùn-ún dúró lóòró, wọ́n wá to òkúta jéèdì wẹ́wẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún sí i. Omi ti dà sílẹ̀, ohun aláwọ̀ ewé sì nà ró láti inú ilẹ̀. Oko àgbàdo ni wọ́n gbìn síbẹ̀, òkúta ni wọ́n fi gbìn ín.

Ẹ ní òkúta náà ń mí. Kí lẹ ní lọ́kàn?

Ohun tí àwọn fúnra wọn yà ni mo ń sọ. Nínú àwòrán Máyà, ẹ ó máa rí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan tàbí méjì tó léfòó níwájú imú èèyàn, tí okùn kankan kò so mọ́ nǹkan. Èémí ẹni yẹn ni. Tí ọba bá ń mí, ìlẹ̀kẹ̀ ló ń jáde ní imú rẹ̀. Tí òrìṣà bá ń mí, bákan náà ni.

Àmì tí wọ́n fi ń kọ afẹ́fẹ́ àti èémí, tí wọ́n ń pè ní ik', rí bíi lẹ́tà T. Ó wà lójú fèrèsé ààfin Palenque, wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ sára jéèdì lemọ́lemọ́. Ní ọdún 2015, ní Nim Li Punit ní gúúsù Belize, àwọn awalẹ̀pìtàn tí Geoffrey Braswell ti Yunifásítì California ní San Diego ṣáájú rí ohun ọ̀ṣọ́ àyà kan nínú ibojì ní ààfin. Òkúta náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n gé sí ìrísí T yẹn. Ó fẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 19, ó ga ní nǹkan bí 10, kò sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Àkọsílẹ̀ ọgbọ̀n àmì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì sọ pé ní ọdún 672 ọba kan wọ̀ ọ́ nígbà tó ń fọ́n tùràrí. Ìkòkò kan tó ní ojú òrìṣà afẹ́fẹ́ wà nítòsí rẹ̀ nínú ibojì náà.

Ẹ rò ó wò. Ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé òjò wá, tí òjò sì ni àgbàdo gbójú lé, ọba dúró níwájú àwọn èèyàn rẹ̀, ó so afẹ́fẹ́ mọ́ àyà, ó ń fọ́n tùràrí kí kùrukùru lè gòkè. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n jẹun. Ohun tó rọ̀ mọ́ àyà yẹn ju ọ̀ṣọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ikú náà jẹ́rìí sí i. Ọ̀pọ̀ òkú Máyà, látorí ọba dórí àgbẹ̀, ni wọ́n bá ìlẹ̀kẹ̀ jéèdì kan lẹ́nu wọn. Bartolomé de las Casas, àlùfáà ará Sípéènì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, kọ̀wé nípa àwọn Máyà Pokom pé nígbà tí ìjòyè bá ń kú lọ, wọ́n á gbé òkúta iyebíye sí i lẹ́nu kí ó lè gba èémí ìkẹyìn rẹ̀. Diego de Landa, àlùfáà ará Sípéènì mìíràn tó gbé ní Yucatán ní Mẹ́síkò, sọ pé àgbàdo lílọ̀ ni wọ́n ń kó sí òkú lẹ́nu, pẹ̀lú àwọn òkúta tí wọ́n ń ná bí owó. Àgbàdo àti jéèdì, lẹ́nu kan náà.

Irú ọ̀ṣọ́ wo ni wọ́n ń fi ṣe?

Yẹtí ló gbajúmọ̀ jù. Ẹ má ro yẹtí tín-ín-rín. Òbìrípo ńlá ni, ó fẹ̀ níwájú bí òdòdó tó là, ọrùn rẹ̀ gba inú ihò etí kọjá, ìlẹ̀kẹ̀ gígùn sì máa ń yọ jáde láàárín rẹ̀. Òórùn dídùn ni òdòdó ń tú síta, èyí náà sì jẹ́ èémí. Wọ́n ní láti fa ihò etí fẹ̀ láti kékeré kó tó lè gba irú yẹtí yẹn.

Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wà, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ wà, òrùka wà. Ní orí ọba, jéèdì kékeré olójú òrìṣà kan máa ń wà lára ọ̀já funfun tí wọ́n fi ń we orí. Dídi ọ̀já yìí mọ́rí gan-an ni jíjẹ oyè. Tí àkọsílẹ̀ Máyà bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan di ọba, ó sábà máa ń sọ pé wọ́n di ọ̀já mọ́ ọn lórí.

Ti ìgbànú ló wù mí jù láti ṣàlàyé. Ọba á gbé orí jéèdì kan sí ìbàdí, pẹlẹbẹ òkúta mẹ́ta á sì so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ní ìrísí ẹdùn àrá tí a mọ̀ nílé, ẹnu kan mú díẹ̀, ìdí kejì fún. Bó bá ti ń rìn ni wọ́n ń lu ara wọn, tí ìró wọn sì ń ta. Àwọn èèyàn á máa gbọ́ ọba kí wọ́n tó rí i.

Ọ̀kan nínú pẹlẹbẹ wọ̀nyí ni wọ́n rí ní ọdún 1864 nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ọ̀nà omi nítòsí Puerto Barrios ní Guatemala. Ìlú Leiden ní Netherlands ló wà báyìí, wọ́n sì fi orúkọ ìlú náà pè é. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 21.7. Lójú kan, ọba kan dúró lórí ìgbèkùn tí wọ́n dì lọ́wọ́, tó dojú bolẹ̀. Lójú kejì, ọjọ́ wà níbẹ̀ ní kíkún: lójú kàlẹ́ńdà tiwa, ọjọ́ 17 oṣù September ọdún 320. Ọba yìí kò fi ìgbèkùn yẹn pa mọ́, ìbàdí ló so ó mọ́. A ò gbọ́dọ̀ gbójú fo èyí. Òkúta tó ń sọ̀rọ̀ ìyè náà ló ń sọ̀rọ̀ agbára lórí ẹ̀mí ẹlòmíràn.

Ṣé ọba nìkan ló ń lò ó?

Rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọba ló pọ̀ jù, tó sì dára jù. Ìlẹ̀kẹ̀ kan tàbí méjì máa ń wà nínú ilé àgbẹ̀. Ní ọdún 2019, awalẹ̀pìtàn Heather McKillop àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé ìròyìn jáde nípa ohun èlò jéèdì kan tí igi ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ní Ek Way Nal ní etíkun Belize, níbi tí wọ́n ti ń se iyọ̀. Jéèdì tó dára gan-an ni. Ẹni tó ń se iyọ̀ ló ni ín, iṣẹ́ ló fi ń ṣe.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń fi í sí eyín?

Òótọ́ ni. Wọ́n á fi esùsú tàbí egungun oníhò àti yanrìn lu iwájú eyín òkè, wọ́n á gé jéèdì róbótó tó ṣe déédéé ihò náà, wọ́n á sì fi àtè dè é. Àtè náà lágbára débi pé jéèdì ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì yọ títí di òní. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú irú eyín bẹ́ẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gba ara jéèdì kọjá.

Ẹ sọ fún wa nípa Pakal.

K'inich Janaab Pakal jọba Palenque láti ọdún 615, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, títí ó fi kú ní 683. Ó lo ọdún méjìdínláàádọ́rin lórí oyè. Wọ́n sin ín sábẹ́ ilé òrìṣà gíga kan tí à ń pè ní Temple of the Inscriptions. Alberto Ruz Lhuillier, awalẹ̀pìtàn ará Mẹ́síkò, ṣàkíyèsí pé òkúta kan nínú ilẹ̀ ilé náà ní ihò tí wọ́n dí. Ó gbé e, ó rí àtẹ̀gùn tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ àti yẹ̀pẹ̀ dí pa. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kó o kúrò. Ọdún 1952 ni wọ́n tó dé ìdí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n bá nínú pósí òkúta náà: ìbòjú tí wọ́n fi jéèdì wẹ́wẹ́ tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún tò, ojú rẹ̀ jẹ́ karawun funfun àti obsidian, òkúta dúdú tó ń dán. Òrùka wà ní gbogbo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Jéèdì kan wà ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan róbótó, ọ̀kan onígun mẹ́rin. Jéèdì wà lẹ́nu. Ìlẹ̀kẹ̀ bo ọrùn àti àyà.

Wọ́n sọ ọ́ di òrìṣà àgbàdo. Àgbàdo ń kú, wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀, ó ń hù padà ní àwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fi àwọ̀ ewé wọ ọba láti orí dé ẹsẹ̀ kí ó lè hù. Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ. Láti ẹ̀gbẹ́ pósí náà, wọ́n fi òkúta mọ ihò tóóró kan tó bá àtẹ̀gùn lọ títí dé ilẹ̀ ilé òrìṣà lókè. Èémí ọba ní ọ̀nà tó máa gbà jáde.

Ìbòjú yẹn tún rí ìyọnu lẹ́yìn tó jáde nílẹ̀. Ní òru Kérésìmesì ọdún 1985, àwọn olè méjì wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Mexico City, wọ́n kó ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ, ìbòjú Pakal sì wà lára rẹ̀. Ọdún 1989 ni wọ́n tó rí i gbà padà.

Àwọn obìnrin ńkọ́?

Ní ọdún 1994, ní Palenque kan náà, nínú ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Pakal, wọ́n rí obìnrin kan nínú pósí òkúta, tí ìyẹ̀fun òkúta pupa tí wọ́n ń pè ní cinnabar bo gbogbo ara rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Ayaba Pupa. Malachite ni wọ́n fi ṣe ìbòjú rẹ̀, ṣùgbọ́n jéèdì wà ní orí rẹ̀ àti lára rẹ̀. Nínú ère ara òkúta, àwọn ayaba Máyà máa ń wọ yẹ̀rì tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ jéèdì hun bí àwọ̀n. Aṣọ òrìṣà àgbàdo gan-an nìyẹn, ọba náà sì máa ń wọ̀ ọ́.

Èwo ló tóbi jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n gbẹ́?

Orí K'inich Ajaw, òrìṣà oòrùn, láti Altun Ha ní Belize. Awalẹ̀pìtàn David Pendergast rí i ní ọdún 1968 nínú ibojì àgbà ọkùnrin kan. Ó ga ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15, ó wúwo tó kìlógíráàmù 4.42. Ojú rẹ̀ tóbi, ó sì wọ́ díẹ̀ sí ara wọn ní àárín, bí wọ́n ṣe máa ń ya òrìṣà yẹn. Ó wà lára owó bébà Belize.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ju jéèdì sómi, tí wọ́n sì ń fọ́ ọ?

Ní Chichén Itzá ní Yucatán, ilẹ̀ jìn sínú fúnra rẹ̀, omi wà nísàlẹ̀, ó fẹ̀ tó ọgọ́ta mítà. Ẹnu ọ̀nà òrìṣà òjò ni. Láti ọdún 1904, Edward Thompson, ará Amẹ́ríkà, ń fi ẹ̀rọ fa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde. Jéèdì tó jáde pọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ti fọ́. Wọ́n ti fi iná yan wọ́n kí wọ́n tó jù wọ́n sómi, òkúta gbígbóná sì máa ń sán. Tatiana Proskouriakoff, onímọ̀ nípa àwọn Máyà, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Peabody ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà láti to àwọn ẹ̀ẹ́rún náà pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ọba Piedras Negras, ìlú tó jìnnà réré létí odò Usumacinta, àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ sì jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹjọ. Ó ti rìn jìnnà, ó sì ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá kó tó dé inú omi yẹn.

Ní tèmi, fífọ́ yẹn kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́ rárá. Ohun tó ní èémí nínú, tí wọ́n bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí òrìṣà, wọ́n ní láti tú èémí náà sílẹ̀.

Ó dùn mí pé Thompson kó èyí tó pọ̀ jáde kúrò ní Mẹ́síkò. Peabody ti dá apá kan padà.

Ṣé wúrà kò níyì jù ú lọ ni?

Nígbà ayé Pakal, wúrà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lọ́wọ́ àwọn Máyà rárá. Nígbà tó sì dé nígbẹ̀yìn, kò gba ipò jéèdì. Bákan náà ni ní ọ̀dọ̀ àwọn Aztec ní Mẹ́síkò. Bernal Díaz del Castillo, ọmọ ogun tó bá Cortés, ọ̀gágun ará Sípéènì, lọ, sọ pé ní òru tí àwọn ará Sípéènì sá jáde ní Tenochtitlan, olú ìlú àwọn Aztec, ní 1520, wúrà ni àwọn kan rù títí wọ́n fi rì sómi. Òun mú òkúta aláwọ̀ ewé mẹ́rin péré, ó tì wọ́n bọ abẹ́ aṣọ ogun. Àwọn òkúta yẹn ló fi rí ìtọ́jú ọgbẹ́ àti oúnjẹ lẹ́yìn náà.

Mo rí jéèdì Máyà àtijọ́ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n rà á?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Bí kì í bá ṣe ayédèrú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí wọ́n hú nínú ibojì ẹni ẹlẹ́ni. Òfin Guatemala, Mẹ́síkò àti Belize kò gbà kí wọ́n kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde. Láti 1991 ni Amẹ́ríkà ti ń dí ẹrù Máyà tó ń ti Petén wọlé lọ́wọ́.

Ẹ wo ohun tí à ń pàdánù. Bí ó bá jẹ́ pé olè ló hú òkúta onírìísí T ti Nim Li Punit, á kàn jẹ́ òkúta tó rẹwà tí wọ́n gbé sínú gíláàsì. A ò ní mọ̀ pé ìkòkò òrìṣà afẹ́fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ìtumọ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin. Inú máa ń bí mi nígbàkígbà tí mo bá rí i tí wọ́n kọ “ibi tó ti wá kò yé wa” sábẹ́ jéèdì Máyà.

Ẹni tó bá wù láti ní jéèdì Motagua lọ́wọ́, àwọn oníṣẹ́ ọnà wà ní ìlú Antigua ní Guatemala tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ lónìí, tí wọ́n sì ń tà á ní gbangba. Ọwọ́ wọn ni kí ẹ ti rà á.

Ibo ni mo ti lè fojú ara mi rí i?

Ìbòjú Pakal wà ní Museo Nacional de Antropología ní Mexico City. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè Guatemala ní ti Tikal, títí kan ìkòkò tí wọ́n fi jéèdì wẹ́wẹ́ tò. Ní Campeche ní Mẹ́síkò, ẹ ó rí àwọn ìbòjú Calakmul.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, British Museum ní pẹlẹbẹ jéèdì kan tó ní àwòrán ọba Máyà tó jókòó, tí ìránṣẹ́ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Teotihuacan, ìlú tí kì í ṣe ti Máyà, ni wọ́n ti rí i. Wọ́n tún ní ojú jéèdì kan tí àwọn Olmec gbẹ́, tí Máyà kan rí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, tó sì fín àmì ìkọ̀wé méjì tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá gbé e síta lọ́jọ́ tí ẹ lọ, àwòrán rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú, kí ẹ wá àmì méjì yẹn, kí ẹ sì wo bí ọwọ́ tó fín wọn ṣe yàtọ̀ sí ọwọ́ tó gbẹ́ ojú náà.